Ẹ́ńjìnnì Kì í Gba Ẹ̀bẹ̀

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo wà lẹ́yìn ilé mi, mo ká apá ẹ̀wù mi sókè, epo dúdú sì ti bo ọwọ́ mi dé ìgbọ̀nwọ́. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Volkswagen àtijọ́ kan, irú èyí tí àwọn ènìyàn wa sọ ní Ìjàpá, ni mo tú palẹ̀ sórí tábìlì. Bàbá àgbàlagbà kan tí ń kọjá lọ dúró, ó wò mí títí, ó sì wí pé, “Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n kí ni ó dé tí ẹ̀yin tí ẹ kàwé tó báyìí fi ń ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì? Ṣé owó oṣù kò tó yín ná ni?”

Mo dá a lóhùn pé, “Bàbá, kì í ṣe owó ni mo ń wá o. Eré ọwọ́dilẹ̀ mi ni. Mo fẹ́ kí ó lágbára ju bí wọ́n ti ṣe é lọ ni.” Bàbá mi orí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Níbo ni Ìjàpá ti í sáré?” Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ bàbá yìí. Nǹkan méjì ni ó yà á lẹ́nu: èkíní, pé akọ̀wé ń fi ọwọ́ kan epo, èkejì, pé ènìyàn lè ṣe iṣẹ́ líle bẹ́ẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó sì ń ronú bí ó ti ń ronú. Èrò tèmi yàtọ̀. Mo gbà pé títún ẹ́ńjìnnì ṣe, àti mímú kí agbára rẹ̀ pọ̀ sí i, jẹ́ eré ọwọ́dilẹ̀ tí ó yẹ ọ̀dọ́ tí ó ń lo ọpọlọ rẹ̀, bí ó bá lè pa òfin méjì mọ́: kí ó wọn nǹkan kí ó tó gé e, kí ó má sì ṣe sáré ní ibi tí kì í ṣe ti eré.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́. Nínú sílíńdà, pístìnì a máa lọ sókè, a sì máa bọ̀ wá sísàlẹ̀. Ìrìn mẹ́rin ni ó ń rìn kí iṣẹ́ kan tó parí. Ní ìrìn kìíní, ó ń fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé. Ní ìrìn kejì, ó ń fún wọn pọ̀. Ní ìrìn kẹta, iná tí pọ́lọ́ọ̀gì ṣẹ́ mú wọn jó, wọ́n sì ti pístìnì náà sísàlẹ̀ tipátipá. Ní ìrìn kẹrin, ó ń lé èéfín jáde. Inú ìrìn mẹ́rin yìí ni gbogbo ọgbọ́n wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí agbára pọ̀ sí i ní láti jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí dáadáa: kí afẹ́fẹ́ àti epo tí ń wọlé pọ̀ sí i, kí a fún wọn pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí èéfín rí ọ̀nà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ́ńjìnnì sì máa yí kíákíá.

Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ ẹni. Bí a bá fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ jù, wọn yóò máa jó bí kò ti yẹ kí wọ́n jó, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa dún kò-kò-kò bí ẹni pé a ń fi òòlù lù ú nínú, títí pístìnì yóò fi bàjẹ́. Bí a bá mú kí ó yí ní ìlọ́po méjì, ipá tí ń fa ọ̀pá pístìnì yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi agbára kún ibì kan gbọ́dọ̀ wo gbogbo ibi tí agbára náà yóò gbà kọjá.

Ilẹ̀ tí eré yìí ti gbilẹ̀ jùlọ ni ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1932, ilé iṣẹ́ Ford gbé ọkọ̀ kan jáde tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sílíńdà mẹ́jọ. Agbára rẹ̀ jẹ́ agbára ẹṣin 65, owó rẹ̀ kò sì ga ju apá mẹ̀kúnnù lọ. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, tí irú ọkọ̀ yìí ti di àlòkù, àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí rà á. Wọn a bọ́ gbogbo ohun tí ń mú un wúwo kúrò lára rẹ̀. Wọn a fá orí ẹ́ńjìnnì kí ó lè fún epo pọ̀ sí i. Wọn a gbẹ́ ọ̀nà afẹ́fẹ́ kí ó fẹ̀. Wọn a sì fi kábúrétọ̀ méjì tàbí mẹ́ta sí ibi tí ẹyọ kan wà. Ẹ́ńjìnnì náà ní àbùkù tirẹ̀: èéfín gbígbóná rẹ̀ ń gba àárín irin ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ kọjá kí ó tó jáde, nítorí náà ó tètè máa ń gbóná. Àbùkù yìí kò lé àwọn ọ̀dọ́ náà sá. Òun gan-an ni ó kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ nípa ooru àti omi.

Ọ̀kan nínú wọn ni Vic Edelbrock, tí a bí ní ìpínlẹ̀ Kansas ní 1913, tí ó sì ń ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì ní California. Ó ní ọkọ̀ Ford ọdún 1932 kan. Ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń tà lọ́jà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó bá fúnra rẹ̀ ṣe irú èyí tí ó wù ú, tí kábúrétọ̀ méjì lè jókòó lé. Ní 1941, ọkọ̀ náà sáré ju ibùsọ̀ 120 lọ ní wákàtí kan. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i, wọ́n ní kí ó ṣe irú rẹ̀ fún àwọn náà, ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ bí eré sì di ilé iṣẹ́ ńlá.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé eré olówó ni èyí. N kò ní sọ pé kì í náni lówó. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìtàn Colin Chapman ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní University College ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1948, ó fi ọkọ̀ Austin Seven àtijọ́ kan ṣe ọkọ̀ eré àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú ilé ìgbọ́kọ̀sí lẹ́yìn ilé àwọn òbí ọmọbìnrin tí ó ń fẹ́. Ẹ́ńjìnnì Austin Seven kéré púpọ̀. Sílíńdà mẹ́rin ni ó ní, ṣùgbọ́n gbogbo wọn lápapọ̀ kò gbà tó lítà kan, ihò méjì péré ni wọ́n sì ń gbà fa afẹ́fẹ́. Sílíńdà méjì ń pín ihò kan lò, bí ọ̀kan bá sì ti ń fà, a máa gba tọwọ́ èkejì. Ní 1951, Chapman wá ọgbọ́n láti pín ihò kọ̀ọ̀kan sí méjì, kí sílíńdà kọ̀ọ̀kan lè ní ọ̀nà tirẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ borí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ń ṣe ètò eré náà fi ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Kì í ṣe owó ni ó fi borí. Ó jókòó ti ìṣòro kan títí ó fi yé e ni. Lotus, ilé iṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀, ni ó gba ipò kìíní láàárín àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ Formula One ní 1963.

Ẹ jẹ́ kí n wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi, kí ẹ má ba à rò pé mo ń fi ohun tí n kò ṣe rí kọ́ yín. Lára pístìnì kọ̀ọ̀kan ni àwọn òrùka irin wà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní rìngì. Òrùka náà kò so pọ̀ pátápátá. A fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ láàárín etí rẹ̀ méjèèjì, nítorí irin a máa gùn sí i bí ó bá gbóná. Nínú ẹ́ńjìnnì bí irú tèmi, àlàfo yìí kò tó ìdajì mìlímítà; ó nípọn tó ewé ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a tò léra. Ó yẹ kí a ti rìngì kọ̀ọ̀kan bọ inú sílíńdà, kí a sì wọn àlàfo rẹ̀ kí a tó dè é mọ́ pístìnì. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti kà á nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ń ṣú lọ́jọ́ náà, ara mi sì ti wà lọ́nà láti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Mo wí nínú ọkàn mi pé, “Tuntun ni mo rà á, kí ni mo tún ń wọ̀n?”

Ẹ́ńjìnnì náà dún dáadáa ní alẹ́ ọjọ́ náà, inú mi sì dùn. Ní ọjọ́ kejì, mo gbé e jáde. N kò tíì lọ jìnnà tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí han bí ẹran tí a so mọ́lẹ̀, agbára rẹ̀ sì tán lọ́wọ́ mi lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo tú u, mo rí i pé ooru ti mú kí etí rìngì kan pàdé, kò sì rí ibi tí yóò gùn sí mọ́, ó bá ń ha ògiri sílíńdà bí èékánná. Owó tí mo fi oṣù mẹ́ta kó jọ ni ó lọ sí i. Àwọn àgbà ti wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ní òwe yìí, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi.

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè bẹ olùkọ́ kí ó fi máàkì méjì kún ti òun. Òṣìṣẹ́ lè wá àwáwí fún ọ̀gá rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kì í gba ẹ̀bẹ̀. Kò mọ̀ bóyá olówó ni ọ́ tàbí akọ̀wé. Bí o bá wọ̀n ọ́n tọ́, yóò ṣiṣẹ́. Bí o bá parọ́ fún un, yóò tú àṣírí rẹ lójú títì. N kò mọ ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn tí ń kọ́ ènìyàn ní òtítọ́ báyìí.

Òfin kejì ló kù. Àwọn kan ń sọ pé eré yìí ń pa ọmọ ènìyàn, òtítọ́ sì wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ẹni tí ó fi agbára kún ẹ́ńjìnnì, tí kò ro ti bíréèkì àti táyà, ikú ni ó ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí bíréèkì yóò gbà kí ọkọ̀ tó dúró yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ìyá tí ó gbé igbá lórí, tí ó fẹ́ sọdá títì, kò mọ̀ pé ẹnì kan ti yí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí ń bọ̀ padà.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ohun tí àwọn ará California ṣe. Orí adágún tí omi rẹ̀ ti gbẹ, tí ilẹ̀ rẹ̀ le tí ó sì tẹ́ bí tábìlì, bíi ti Muroc, ni wọ́n ti ń sáré. Ní 1937, wọ́n dá ẹgbẹ́ Southern California Timing Association sílẹ̀, kí òfin àti ètò lè wà. Nígbà tí eré àárín ìgboro tún di wàhálà lẹ́yìn ogun, Wally Parks dá National Hot Rod Association sílẹ̀ ní 1951, láti mú àwọn ọ̀dọ́ kúrò lójú títì. Ní 1953, ẹgbẹ́ náà ṣe eré àkọ́kọ́ tirẹ̀ ní Pomona, ní ibi ìgbọ́kọ̀sí pápá ìpàtẹ ọjà. Àwọn tí ó fẹ́ràn eré jùlọ ni ó fi òfin de ara wọn. Ibi tí kò bá ti sí irú pápá bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí agbára ẹ́ńjìnnì yín dúró lórí tábìlì àti nínú ìwé ìṣirò. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọwọ́ tí ó di kálàmù mú kò gbọdọ̀ di sípánà mú. Bí ẹ bá rí ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ amúnáwá kékeré kan tí ó ti kú, ẹ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ẹ da epo inú rẹ̀ nù sí ibi tí kò ti sí iná, kí ẹ tú u, kí ẹ to bóòtù rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹ ya àwòrán ohun tí ẹ rí, kí ẹ sì tún un tò. Bí ó bá jí, ẹ ó mọ ìdí tí ó fi jí. Bí kò bá jí, ẹ tún un tú.

Bí bàbá yẹn bá tún gba ẹ̀yìn ilé mi kọjá, mo ti mọ èsì tí n óò fún un. N óò sọ fún un pé, “Bàbá, ilé-ẹ̀kọ́ ni mo wà. Lọ́sàn-án mo jẹ́ olùkọ́. Níhìn-ín, èmi ni ọmọ kíláàsì, olùkọ́ mi kò sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀.”