Ta Ni À Ń Bi Ní Ìbéèrè, Ta Sì Ni Ó Ń Gbọ́?

Nígbà tí olóòtú ètò kan ní ilé-iṣẹ́ rédíò kan ní agbègbè wa lọ sí ìrìn-àjò, wọ́n ní kí n bá a di ipò rẹ̀ mú ní alẹ́ ọjọ́ kan. Olùkọ́ ni mí, n kì í ṣe oníròyìn. Àlejò alẹ́ náà jẹ́ gbajúmọ̀ olùdarí fíìmù, ọmọ Yorùbá bí èmi. Ìwé ìbéèrè tí a kọ sílẹ̀ dè mí, Faransé ni láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì kà á bẹ́ẹ̀. Bàbá náà fi Faransé dáhùn bí ẹni tí a ní kí ó fi ọwọ́ òsì bu òkèlè. Nígbà tí orin ń lọ lọ́wọ́, tí a ti pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n yí sí Yorùbá, wọ́n ṣàlàyé fún mi bí àwọn ṣe ń yan ẹni tí òwe yẹ lẹ́nu rẹ̀ nínú eré, àti ẹni tí kò yẹ kí ó pa òwe rárá. Ohun tí ó dùn jù lọ ní alẹ́ náà nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ ọ. Ẹ̀bi mi ni.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní àwíjàre: Faransé ni èdè ìjọba, ọ̀rọ̀ sinimá sì jinlẹ̀ ju ohun tí Yorùbá lè gbé lọ. N kò gbà. Sembène Ousmane ti Sẹ̀nẹ̀gàl fi Faransé ṣe *La Noire de…* ní 1966. Ní 1968 ó fi Wolof ṣe *Mandabi*. Òǹkọ̀wé ni tẹ́lẹ̀. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tí òun ń kọ̀wé nípa wọn kò lè ka ìwé òun, ni ó fi yà sídìí sinimá. *Ṣaworoidẹ* tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999 ńkọ́? Ọba tí ó yẹra fún ìbúra oyè kí ó lè kó owó ìlú jẹ, àwọn tí ń gé igi gẹdú, ológun tí ó fipá gbàjọba: èwo nínú ìwọ̀nyí ni Yorùbá kò lè sọ?

Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ Nàìjíríà nìyẹn. Kèlání kan náà ni ó bá àwọn ará Benin ṣe *Abẹ́ni* ní 2006, ìtàn ìfẹ́ láàrin Èkó àti Kútọnu. Yorùbá àti Faransé ni a gbọ́ níbẹ̀. A kò lé Faransé jáde, a kò sì fi í jọba. (Ìwé ìròyìn tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí náà ń gbìyànjú bẹ́ẹ̀.)

Ẹ jẹ́ kí a ro ti ẹni tí ó ń gbọ́ wa: ìyá tí ó ń yan gàrí, ọlọ́kadà tí ó dúró de èrò, àgbẹ̀ tí ó so rédíò kọ́ igi. Ìlárá ńkọ́, níbi tí ààlà pín ọmọ ìyá sí méjì? Àwọn ará apá Nàìjíríà ni wọ́n mọ fíìmù bàbá yìí jù, àwọn gan-an ni a sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ lójú.

Kí a bi ìbéèrè ní Yorùbá, kí a sì fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìkẹyìn ṣe àkópọ̀ rẹ̀ ní Faransé. Bí wọ́n bá tún pè mí, ohun tí n óò ṣe nìyẹn, kí wọ́n tó gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi.