Bodè Oko Kì Í Ṣe Bodè Olè
Èsì láti Ìdáàṣà sí gbogbo ẹni tó ń pe ọ̀nà kékeré ní ọ̀nà fàyàwọ́

Ìgbàgbọ́ kan ti ta gbòǹgbò láàárín wa láti Èkó títí dé Kùtọnù. Olówó gbà á gbọ́, tálákà gbà á gbọ́, aláṣọ ìjọba sì ń fi í ṣiṣẹ́ ṣe. Wọ́n ní bodè kékeré tó wà láàárín oko, níbi tí kò sí èrò, tí kò sí ọkọ̀ ńlá, ọ̀nà fàyàwọ́ ni. Wọ́n ní ẹni tó bá gbabẹ̀ kọjá, bí kì í bá ṣe olè, ọ̀rẹ́ olè ni. Wọ́n ní ọmọlúàbí tó ní iṣẹ́ gidi í ṣe, Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdí-Ìrókò ni yóò gbà.

Irọ́ ni. Mo sì ń sọ ọ́ ní gbangba, nítorí irọ́ yìí ń gbowó lápò àwọn ìyá wa, ó sì ń sọ ará ilé di àlejò. Ìtàn kò tì í lẹ́yìn, òfin kò tì í lẹ́yìn, ohun tí ojú wa ń rí lójà pàápàá kò tì í lẹ́yìn.

1. Ọ̀nà ló ṣáájú ààlà

Ẹ wo ibi tí Ìdáàṣà wà. Ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Dassa-Zoumè yìí tó nǹkan bí 200 kìlómítà sí Kùtọnù, láàárín àwọn òkè tí wọ́n ń kà sí 41. Bí a bá kọjú sí ìlà-oòrùn, a ó gba Glazoué àti Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá kí a tó kan ààlà Nàìjíríà, níbi tí odò Okpara ti pààlà lápá kan. Tí a bá rékọjá, Òkè-Ògùn la bọ́ sí, ilẹ̀ Ṣakí àti Ìgànná. Bí a bá sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, a ó gba Savalou dé Tchetti, ìlú àwọn Ifẹ̀, kí a tó wọ Tógò lọ bá àwọn Ifẹ̀ mìíràn ní Atakpamé. Ahọ́n yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìlú dé ìlú, ṣùgbọ́n bí a bá kí ara wa, a ń gbọ́ ara wa.

Jagun Ọlọ́fin, baba ńlá àwọn ọba Ìdáàṣà, ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni ìtàn wa sọ pé ó ti wá. Ìgbà tó dé, kò sí Benin, kò sí Nàìjíríà. Ààlà tí a ń wí yìí, ọjọ́ 10, oṣù kẹjọ, ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tọwọ́ bọ̀wé rẹ̀ ní Paris. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹfà, ọdún 1898, wọ́n tún fà á gùn lọ sí àríwá. Lọ́dún 1897, Faransé àti Jámánì ti parí tiwọn lápá Tógò. Kò sí ọba Yorùbá kan tó fọwọ́ sí èyíkéyìí nínú ìwé wọ̀nyẹn. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tó jẹ́ ìlú abẹ́ Alákétu, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlárá ní tirẹ̀ pín sí méjì: apá kan wà ní Benin, apá kejì wà ní Nàìjíríà.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tí Faransé ń fipá kó àwọn ọmọkùnrin lọ sójú ogun, tí wọ́n sì ń gba owó-orí lọ́wọ́ ẹni tí kò rí jẹ, ọ̀nà oko wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ọ̀họ̀rí gbà sá lọ sí apá Nàìjíríà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju, ọmọ bíbí Ìmẹ̀kọ, kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ yékéyéké nínú ìwé rẹ̀ Western Yorubaland under European Rule tó jáde lọ́dún 1976. Ẹ̀mí ni ọ̀nà yìí gbà là. Ẹni tó bá ní torí olè ni wọ́n ṣe là á, kí ó lọ ka ìtàn.

Lónìí ńkọ́? Ta ló ń gbà á? Alágbàṣe tó fẹ́ lọ ro oko lÓkè-Ògùn ń gbà á. Àna tó ń lọ síbi ìgbéyàwó ń gbà á. Ọmọ tó ń lọ sìnkú baba rẹ̀ ń gbà á. Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, tí àwọn Àgùdà bá ń wá gbàdúrà níbi ihò àpáta Màríà ní Arigbo, nínú Ìdáàṣà níbí, láti ọdún 1954, àwọn tó ń bọ̀ láti Tógò àti Nàìjíríà wà láàárín wọn. Ṣé fàyàwọ́ ni gbogbo wọn ń ṣe?

2. Òfin kò ka ọ̀nà kékeré sí ẹ̀ṣẹ̀

Àwọn tó ń bú wa máa ń sá sábẹ́ òfin. Ẹ jẹ́ ká yẹ òfin náà wò. Ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 1979, àwọn olórí orílẹ̀-èdè ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fọwọ́ sí àdéhùn ìrìn fàlàlà ní Dakar. Àdéhùn náà ní ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn kó sì lo 90 ọjọ́ láìgba físà, bí ó bá ní ìwé ìrìnnà tó péye àti káàdì àjẹsára, tó sì gba ẹnu bodè tí ìjọba mọ̀ sí. Ẹnu bodè tí ìjọba mọ̀ sí ni wọ́n wí. Wọn kò ní kí ó tóbi. Wọn kò ní kí èrò pọ̀ níbẹ̀. Ahéré kan, àsíá kan, òṣìṣẹ́ méjì pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ wọn ti tó. Ẹni tó bá dúró níwájú wọn, tó fi ìwé rẹ̀ hàn, kò rẹlẹ̀ sí ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì aláfẹ́fẹ́ gba Sẹ̀mẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹrù náà ńkọ́? Lọ́dún 1979 yẹn kan náà ni ECOWAS bẹ̀rẹ̀ ètò tó mú owó bodè kúrò lórí irè oko tó ti ilẹ̀ ẹgbẹ́ wá, lórí ẹran ọ̀sìn àti lórí iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ lọ sí ọjà Glazoué lọ́jọ́rú kí ẹ wo ohun tó kún ibẹ̀: iṣu, gààrí, àgbàdo, ẹ̀pà, sóyà, ìrẹsì tí àwọn àgbẹ̀ wa gbìn. Ìyá tó ra àpò gààrí méjì níbẹ̀, tó gbé e dé ẹnu bodè oko, ètò náà kò bu owó bodè kankan lé e. Síbẹ̀ wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, kò rí rìsíìtì gbà, bí ó bá sì ṣàròyé, wọ́n á pè é ní onífàyàwọ́. Nínú àwọn méjèèjì, ta ló rú òfin?

Òótọ́ ni pé ìjọba kọ̀ọ̀kan máa ń fi òfin tirẹ̀ lé e. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, Benin ti fòfin de kíkó kájú tútù jáde nílẹ̀ rẹ̀, nítorí wọ́n fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ ìbílẹ̀ máa ṣe é. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni rú òfin yẹn. Ohun tí mo ń wí ni pé àgbẹ̀ tó ta kájú fún oníbàárà rẹ̀ lódìkejì lọ́dún tó ṣáájú kò yí ìwà padà. Òfin ló yí. Ó yẹ kí wọ́n ṣàlàyé fún un lédè rẹ̀ kí wọ́n tó mú un bí ọ̀daràn.

3. Ibi tí fàyàwọ́ gidi ń gbà

A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Ìrẹsì òkèèrè tí Nàìjíríà ń pariwo lé lórí, orí ọkùnrin ẹlẹ́rù kan kọ́ ló gbà wọlé. Àwọn ọdún kan wà tí ìrẹsì Thailand tó sọ̀ sí èbúté Kùtọnù ju mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ, bẹ́ẹ̀ gbogbo ènìyàn Benin kò tó mílíọ̀nù 15. Ọkọ̀ òkun ló gbé e dé, olówó ńlá ló ni ín, ọkọ̀ àjàgbé ló sì ń kó o lọ. Àwọn tó ni ọkọ̀ àjàgbé kò níṣẹ́ í ṣe lójú ọ̀nà tí alùpùpù pàápàá ń rá pálá gbà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti gbogbo ààlà ilẹ̀ rẹ̀ pa. Ní oṣù kọkànlá, Kọ́sítọ́ọ̀mù pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé epo lọ sí ilé epo tó wà láàárín 20 kìlómítà sí ààlà. Ìyẹn ni pé wọ́n dá odidi ìlú lẹ́bi: dókítà, olùkọ́, alágbàlọ, gbogbo wọn di onífàyàwọ́ nítorí ibi tí wọ́n kọ́lé sí. Nígbà tí wọ́n tún ṣílẹ̀kùn ní ọjọ́ 16, oṣù kejìlá, ọdún 2020, bodè mẹ́rin péré ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí. Sẹ̀mẹ̀ nìkan ló wà nílẹ̀ Yorùbá nínú wọn. Ọ̀nà tí ẹrù ńlá ń gbà ni wọ́n ṣí. Ọ̀nà àgbẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ ní títì.

Oúnjẹ ha tìtorí rẹ̀ dínwó bí? Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, iye tí owó oúnjẹ fi ń gorí sí i lọ́dún ní Nàìjíríà jẹ́ ìdá 13.17 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ó ti di 18.30. Àrùn Kòrónà dá kún un, mo gbà, ṣùgbọ́n títì tí wọ́n ti bodè kò mú kí ìkòkò tálákà kún.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ kpayo náà, epo bẹntiróò inú ìgò tó wà létí títì káàkiri Benin, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dá wa lẹ́bi. Alùpùpù gbé e gba ọ̀nà oko lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Epo tí kò tó 200 náírà lítà kan fò kọjá 480, kpayo sì wọ́n gógó ní Benin láàárín ọjọ́ díẹ̀, òwò rẹ̀ sì súnkì. Ọ̀nà kò yí. Àwọn ènìyàn kò yí. Iye owó ló yí. Ẹ̀rí wo la tún ń wá? Ìlànà tí ìjọba ń ṣe lÁbújá àti ní Kùtọnù ló ń bí fàyàwọ́. Ọ̀nà kò bí i.

4. Ẹni tó ń bẹ̀rù agbésùnmọ̀mí

Ẹlòmíràn yóò ní, “Àwọn apànìyàn ńkọ́? Àwọn tó ń fi ọmọ ṣòwò ńkọ́?” Ìbéèrè gidi ni, mi ò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, agbésùnmọ̀mí pa ọmọ ogun Benin tó lé ní 20 ní Alibori, lápá àríwá Benin. Lọ́dún 2003, wọ́n dá ọmọ Benin tó lé ní 200 padà láti àwọn ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lẹ́bàá Abẹ́òkúta.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Igbó ọba tí ènìyàn kì í gbé ni àwọn apànìyàn Alibori ń fi ṣe ibùba. Níbi tí ọjà wà, tí àna wà, tí gbogbo ènìyàn mọ ara wọn, àlejò kò lè fara pamọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ ń rí ọkùnrin tí ojú rẹ̀ ṣàjèjì, tàbí ọmọ tó ń sunkún lẹ́yìn ẹni tí kì í ṣe ìyá rẹ̀, ará abúlé etí ààlà ni. Bí ẹ bá ti pè é lólè lánàá, tí ẹ gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀, ta ni yóò sáré wá bá lálẹ́? Ẹni tó bá fẹ́ ààbò, kí ó sọ ará bodè di ọ̀rẹ́.

5. Ohun tí a ń béèrè

Kí ìjọba Benin, Nàìjíríà àti Tógò fi òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù lásìkò sí bodè oko. Kí wọ́n kọ àwọn ẹrù tí kò ní owó bodè sára pátákó ní Yorùbá, ní Fọ̀n àti ní Faransé, kí ó hàn sí gbogbo ojú. Kí owó tí a bá san máa ní rìsíìtì.

Ẹ̀yin aláṣọ ìjọba, ìyá tó gbé gààrí kì í ṣe ọ̀tá yín. Ẹ jẹ́ kó kọjá.

Ẹ̀yin ará mi tó ń gba ọ̀nà wọ̀nyí, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín dání, ẹ má yẹ̀ fún òṣìṣẹ́ níbi tó bá wà, ẹ má gbé ohun tí òfin kọ̀. Ẹ má sì tijú.

Àti ìwọ tó ń ka ìwé yìí ní Ìbàdàn tàbí ní Kùtọnù, nígbà mìíràn tí ẹnikẹ́ni bá ní ará bodè ni gbogbo onífàyàwọ́, ní kí ó dárúkọ ẹni tó ni ìrẹsì inú ọkọ̀ òkun. Títí yóò fi dárúkọ rẹ̀, kí ó fi àgbẹ̀ sílẹ̀.