Àdírẹ́sì Ọmọ Ojú Ọ̀nà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kan àwọn tí ń jẹun lójú ọ̀nà: awakọ̀ ẹrù àti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, oníṣòwò tí ń ná ọjà yìí lónìí tí ń ná tọ̀hún lọ́la, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jáde wá iṣẹ́ tí kò tíì rí yàrá háyà. Bí a bá bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń gbé, ìdáhùn kì í yá.

Ìbéèrè náà kì í sì í ṣe kékeré. Ẹni tí yóò gbé ọkọ̀ lé ènìyàn lọ́wọ́ yóò béèrè onídùúró àti ilé tí a ti lè bá a. Láti ọdún 2013 ni Báńkì Àpapọ̀ ti pín àkáǹtì sí ìpele mẹ́ta. Ti ìsàlẹ̀ kò le púpọ̀, ṣùgbọ́n owó tí ó ń gbà kò tó ti ọlọ́jà. Ti òkè pátápátá ni wọ́n ti ń wádìí ilé. Mo mọ awakọ̀ kan tí ń kó àlùbọ́sà láti Kánò wá sí Mile 12 ní Èkó. Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni ó kọ sínú ìwé báńkì. Nígbà tí òṣìṣẹ́ débẹ̀, ayálégbé kan tí ó bá lẹ́nu ọ̀nà ní òun kò mọ ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò purọ́, nítorí ó ti tó oṣù méjì tí awakọ̀ yìí ti sùn níbẹ̀ kẹ́yìn. Àkáǹtì kò ṣí, owó ọjà rẹ̀ ṣì ń gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé fóònù ti parí ọ̀ràn yìí. Fóònù a máa sọnù, a sì máa bọ́ sọ́wọ́ olè ní ibùdókọ̀. Àwọn baba wa tí wọ́n ṣòwò ní Tamale àti Kumasi mọ ìyà yìí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbé jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́tà tí onígbèsè bá kọ sí ṣọ́ọ̀bù tí a ti tì pa, ta ni yóò gbà á?

Nínú Suratu Tawba, ẹsẹ 60, irú ènìyàn mẹ́jọ ni a kà tí sàká tọ́ sí, ọmọ ojú ọ̀nà sì ni ìkẹjọ wọn. A rò pé oúnjẹ àti owó ọkọ̀ ni gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Kí mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan fi owó ìjọ háyà àpótí lẹ́tà kan ní ilé ìfìwéránṣẹ́, kí onírìn-àjò tí ìjọ mọ̀ máa lò ó. Kí akọ̀wé ní ìwé ńlá tí yóò kọ orúkọ sí, ìlú, ẹni tí ó mú un wá, ọjọ́ tí lẹ́tà dé, àti ọjọ́ tí olówó rẹ̀ fọwọ́ sí i gbà á. Akọ̀wé kò gbọdọ̀ tú u wò. Àwọn kan wà láàrin wa tí ìka máa ń yún bí wọ́n bá rí àpò ìwé tí ó wú; ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá iṣẹ́ mìíràn fún wọn nínú ìjọ.

Wọ́n ń wí pé olè yóò fi orúkọ mọ́ṣáláṣí bojú. Òótọ́ wà níbẹ̀, òun ni mo ṣe ní ẹni tí ìjọ mọ̀. Kí Lèmọ́mù má sì jẹ́ kí àánú sún òun buwọ́ lu ìwé onídùúró. “Mo mọ̀ ọ́n, ó ń bá wa kírun” yàtọ̀ sí “bí ó bá gbé owó sá, èmi yóò san án.”

Àpótí lẹ́tà kì í ṣe ilé, báńkì kò sì ní gbà á bí ilé. Ilé ìbátan tí o bá kọ, sọ fún gbogbo ará ibẹ̀, títí kan ayálégbé àti ọmọ tí ń pọnmi.

Ní ti iṣẹ́ fúnra rẹ̀, bí o bá dé ìlú, lọ kí olórí àwọn ará ìlú rẹ níbẹ̀ kí o tó béèrè ohunkóhun. Má fi ojúlówó ìwé ẹ̀rí rẹ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá ní kí o san owó kí òun tó fún ọ níṣẹ́, iṣẹ́ tirẹ̀ ni ó ń ṣe lọ́wọ́ yẹn.

Kí Jímọ̀ tí ń bọ̀ tó pé, kí akọ̀wé ìjọ kọ̀ọ̀kan lọ béèrè iye tí wọ́n ń gbà lórí àpótí kan lọ́dún, kí ó sì kà á sétí ìgbìmọ̀.