Ahun Tí A Fi Wúrà Bò

Ìyá kan tí ń gbé ní London bi wá léèrè bóyá kí òun dáná sun àwo orin ijó tí òun bá lọ́wọ́ ọmọ òun. Orúkọ Soft Cell ni ó wà lára àwo náà. Kí a tó dá a lóhùn, ẹ jẹ́ kí a tọ odò náà lọ sí orísun rẹ̀, nítorí inú ìwé ni ó ti ṣàn wá.

Ní ọdún 1857, ilé ẹjọ́ ní Paris bu owó ìtanràn lé akéwì Baudelaire, wọ́n sì ka ewì 6 léèwọ̀ nínú ìwé rẹ̀, Les Fleurs du mal. Títí di ọdún 1949 ni èèwọ̀ náà fi dúró. Síbẹ̀ ìwé náà kò kú. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e ní iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn lẹ́wà ju ohun tí a dá mọ́ni lọ. Ní ọdún 1884, Huysmans kọ À rebours, ìtàn ọlọ́rọ̀ kan tí ayé sú, tí ó sọ òru di ọ̀sán. Ọkùnrin náà fi wúrà bo igbá ẹ̀yìn ahun kan, ó sì to òkúta iyebíye sí i. Ahun kò lè ru ẹwà náà, ó kú.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé. Ní ọdún 1979 àti 1980, àwọn ọ̀dọ́ London, tí púpọ̀ nínú wọn kò lówó lọ́wọ́, a máa jó ní Blitz ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tí kò bá múra lọ́nà àrà, Steve Strange kì í jẹ́ kí ó wọlé. Ní ọdún 1981, Marc Almond àti Dave Ball, àwọn Soft Cell, fi ẹ̀rọ ìlù tún orin Gloria Jones, Tainted Love, kọ, ó sì gba ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1993, Almond yìí kan náà fi ewì Baudelaire àti ti Rimbaud kọrin.

Ìdáhùn wa nìyí, ìyá rere: iná kò pa ìwé náà, kò sì ní pa orin. Ẹni tí ń pa ara dà lóru, bóyá ọ̀sán ni kò gbà á. Ẹ jókòó ti ọmọ yín, kí ẹ bi í léèrè ohun tí ó ń wá níbẹ̀. Kí ẹ sì sọ ìyókù ìtàn náà fún un: Huysmans, tí ó ròyìn ahun yìí, padà sínú ìjọ Àgùdà ní ọdún 1892. Kí wúrà tó dé, ahun ti ní ilé tirẹ̀ lẹ́yìn.