Nígbà Tí Àláàmù Bá Ti Ọmọ Mọ́ Inú Ọkọ̀

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí à ń gùn ni ó jẹ́ pé rìwáyà ni ó so àláàmù mọ́ sẹ́ńtírà lọ́ọ̀kì rẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti dé ọwọ́ wa. Bí ilẹ̀kùn bá wá ń ṣe ségesège, a kì í mọ èwo nínú méjèèjì ni ó bàjẹ́.

Ẹ fi bọ́tìnì tàbí kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn awakọ̀. Bí àwọn yòókù bá tẹ̀lé e, sẹ́ńtírà lọ́ọ̀kì ṣì pé. Bátìrì rimóòtù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà àpótí àláàmù lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí gbogbo wọn bá dákẹ́, ẹ wo fíúsì. Bí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo bá ṣorí kunkun, ó ṣeé ṣe kí wáyà rẹ̀ ti já nínú rọ́bà tí ó so ilẹ̀kùn mọ́ òpó ọkọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ó ń tẹ̀ tí ó sì ń nà nígbà gbogbo tí a bá ṣílẹ̀kùn.

Èyí tí ó léwu jù ni àláàmù tí ń ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀. A ṣe àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀ ni: bí a bá fi rimóòtù ṣí ọkọ̀, tí a kò sì ṣí ilẹ̀kùn kankan, yóò tún un tì láàrin ìṣẹ́jú kan tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Swíìṣì kékeré ara òpó ni ó ń sọ fún un pé ilẹ̀kùn ti ṣí. Bí swíìṣì yìí bá dípẹtà, àláàmù kò ní mọ̀. Ìyá lè gbé ọmọ sẹ́yìn ọkọ̀, kí ó ju kọ́kọ́rọ́ sórí àga, kí ó pa ilẹ̀kùn láti yí síwájú, kí gbogbo rẹ̀ sì tì mọ́ ọn lójú. Nígbà tí ìdídò Alau ya ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, omi bo apá púpọ̀ nínú Maiduguri. Ọkọ̀ tí omi náà wọ̀ lè gbẹ, kí ìpẹtà sì máa jẹ wáyà rẹ̀ lọ ní kọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ará Lamisula mọ oṣù kẹrin wa dáadáa, tí ooru ìta ń kọjá 40°C. Inú ọkọ̀ tí a tì a máa gbóná ju ìyẹn lọ kíákíá, ara ọmọdé kò sì lè gbà á.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan: bí iná inú ọkọ̀ kò bá tàn, tí gílóòbù rẹ̀ kò sì jó, ẹ jẹ́ kí rìwáyà yẹ swíìṣì wò, kí ó sì yọ ìtìfúnra-ẹni náà kúrò lára àláàmù. Kọ́kọ́rọ́ kejì, ẹ má fi í sínú ọkọ̀. Bí ọmọ bá há, tí kọ́kọ́rọ́ kò sì sí nítòsí, ẹ má dúró de rìwáyà; ẹ fọ́ gíláàsì tí ó jìnnà sí i.