KỌ́MÀ TÍ A GBÉ SÓKÈ: TA NI KÍ A DÁ LẸ́BI?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ kan tí mo ń yẹ àròkọ akẹ́kọ̀ọ́ mi kan wò ní Ìkòròdú. Ó kọ “n'ile” àti “l'ọja” láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo fi bírò pupa fagi lé gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ náà mú ìwé orin ìyá rẹ̀ àgbà wá, ó ṣí i, ó sì fi ọ̀wọ̀ bi mí pé: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ìwé yìí náà kò tọ̀nà ni?”

Èsì kò tètè bọ́ sí mi lẹ́nu.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìwé ìyá àgbà kò ṣàṣìṣe. Àdéhùn ni àkọtọ́. Ní 1875, ìjọ C.M.S. ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ní 1974, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní. “Aiye” di ayé, “enia” di ènìyàn, “nwọn” di wọ́n, “nigbati” sì di nígbà tí.

Kí ló dé tí kọ́mà yẹn fi kúrò? Bí a bá pe “ní ọjà” pọ̀, fáwẹ́lì í ni a pa jẹ, n sì di l. Ṣùgbọ́n ohùn òkè kò bá fáwẹ́lì náà lọ; ó bọ́ sórí ọ, a sì gbọ́ lọ́jà. Àmì ohùn ti ṣe iṣẹ́ náà tán. Ẹni tí ó kọ “l'ọja” fi ohun tí a kò nílò sí i, ó sì gbàgbé èyí tí a nílò.

Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àmì yìí ní iṣẹ́ tirẹ̀. Òun ni ó fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ìwé olùkọ́ kan, teacher's, àti ìwé olùkọ́ púpọ̀, teachers'. Síbẹ̀, àwọn tí wọ́n ni èdè náà pàápàá ń ṣì í lò, tó bẹ́ẹ̀ tí John Richards fi dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 2001 láti dáàbò bò ó. Àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà ni ó yẹ kí àwa dáàbò bò.

Ẹ wọkọ̀ láti Ìkòròdú, kí ẹ gba Ìtóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́, kí ẹ máa ka pátákó. EPE ni ẹ ó rí. Ṣé Ẹ̀pẹ́ tí a ti ń ra ẹja lọ́jà Olúwo ni, àbí èpè tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ gbọ́? Bí olóògùn bá kọ “ogun iba”, ṣé oògùn ni ó ń tà, tàbí ogun ni ó ń kó bọ̀?

Ẹni tí ó kun pátákó kò pàdánù kọ́bọ̀. Ọmọ tí ó kọ́ ọ lára pátákó ni máàkì rẹ̀ ń lọ nínú ìdánwò WAEC àti NECO. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí náà máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù láìfi àmì sí i. A jọ jẹ̀bi ni.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má kàn máa fagi lé e. Ẹ kọ àkọtọ́ àtijọ́ àti tòde òní síra lójú pátákó, kí ọmọ mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bọ̀wọ̀ fún ìwé àwọn àgbà, ṣùgbọ́n àkọtọ́ òde òní ni kí ẹ máa kọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ìwé ìpè àti pátákó, ẹ kọ́kọ́ fi han olùkọ́ Yorùbá.

Ní ti ọmọ yẹn, mo ní kí ó tún ojú ewé kan nínú ìwé orin náà kọ ní àkọtọ́ òde òní. Ó kọ ọ́, ó sì mú un lọ fún ìyá àgbà. Ó ní màmá fi kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orin náà kò sì yẹ̀.