Wèrè Dùn Ún Wò: Wíwò Méjì Inú Òwe Kan

Nígbà tí àwọn àgbà bá ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ, ìdajì àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbọ́, nítorí pé òun ni ọjà ń fi hàn lójoojúmọ́: alákìísà kan ń dá sọ̀rọ̀, àwọn ọmọdé ń hó lé e lórí, ẹnìkan sì ti yọ fóònù láti ká a sílẹ̀. Ìdajì kejì mẹ́nu ba ìyá rẹ̀, ẹni tí kò sí láàárín àwọn tí ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe náà, wò, ni kókó, nítorí pé òun kan náà ni Yorùbá fi ń sọ pé ènìyàn wo ìran, tí wọ́n sì fi ń sọ pé oníṣègùn wo aláìsàn títí ara rẹ̀ fi dá. Òun ló sì wà nínú ilé ìwòsàn. Lórí wíwò kejì yìí ni òwe náà dákẹ́.

Kì í ṣe gbogbo àrùn ọpọlọ ni wèrè. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, èyí tí í ṣe ìbànújẹ́ tí kì í lọ bọ̀rọ̀, tí í sì í gba oorun àti oúnjẹ lọ́wọ́ ènìyàn, wà lára wọn, àmọ́ kò sẹ́ni tí í dúró wò ó, nítorí pé aṣọ mímọ́ ni ẹni tí ó ń ṣe sábà máa ń wọ̀.

Ní ti wíwò ti oníṣègùn, láti ọdún 1954 ni dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó kọ́ ìṣègùn ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro ní Abẹ́òkúta ká, tí ó sì ní kí ẹbí kan, ó kéré tán, bá aláìsàn wá. Nígbà náà, àwọn aláìsàn a gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, wọn a padà sí abúlé, níbi tí ìyá tàbí àbúrò ti ń se oúnjẹ, tí aláìsàn fúnra rẹ̀ sì lè roko. Lọ́nà yìí, ẹni tí ó bí i lọ́mọ wá di ọ̀kan nínú àwọn tí ń wò ó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé kò tíì gbà ni pé àìsàn ọpọlọ lè má tán pátápátá, síbẹ̀ kí ó ṣeé bá gbé. Bàbá tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ lẹ́nu a máa gbé oògùn rẹ̀ sórí tábìlì oúnjẹ, kò sì sẹ́ni tí í bi í léèrè ìgbà tí yóò lò ó tán. Ti ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó ní àrùn ọpọlọ ni wọ́n ń fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, tí wọ́n sì ní kí ó dá a dúró ní kété tí ó bá ti ń sùn dáadáa. Bí àìsàn náà bá padà dé, wọn a ní ọwọ́ ayé ni, bẹ́ẹ̀ páálí oògùn tí kò lò tán ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí.